Kọ̀ǹpútà Oríṣiríṣi, Àkọsílẹ̀ Kan: Ẹ̀kọ́ lórí Sọ́fítíwíà Àjùmọ̀ní ní Ọ́fíìsì Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹ̀bùn kan tí kì í wọ́n ní àsìkò àjọyọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kọ̀ǹpútà. Sẹ́ẹ̀tì kan lè gbé ẹ̀rọ tuntun méjì wá, kí Windows 11 wà nínú wọn. Sẹ́ẹ̀tì mìíràn lè kó tòkunbọ̀ mẹ́wàá wá láti Computer Village ní Ìkẹjà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù lè fi Mac kan ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni ọpẹ́ yẹ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pa àpótí rẹ́, tí àlejò ti padà sílé, bọ́sà, akọ̀wé àti ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò jókòó ti àwọn ẹ̀rọ tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí ju ìrọ̀rùn iṣẹ́ lọ. Ọmọ tí ó jáde lọ́dọ̀ wa lónìí lè padà wá lẹ́yìn ogún ọdún láti béèrè àkọsílẹ̀ èsì rẹ̀, nítorí pé yunifásítì kan ní òkè òkun ń dúró dè é. Ìwé ńlá tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ fi kálámù kọ, ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣí i. Fáìlì inú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó nílò ètò tí ó mọ bí a ṣe ń kà á. Bí ètò náà bá kú, tàbí tí owó ìwé-àṣẹ rẹ̀ bá ju agbára wa lọ, àkọsílẹ̀ ọmọ náà di àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù.

Kí ni sọ́fítíwíà àjùmọ̀ní?

Ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é fi ọwọ́ kọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a máa fi àkọsílẹ̀ yìí pamọ́, wọn a sì máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ lo ètò náà. Àwọn mìíràn a gbé àkọsílẹ̀ wọn síta pẹ̀lú ìwé-àṣẹ tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, láti wo inú rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní open source. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní sọ́fítíwíà àjùmọ̀ní.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí ó wà ní òmìnira, èyí sì máa ń da àwọn oníwèé rú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá mọ ọ̀fẹ́, ó sì mọ òmìnira. Sọ́fítíwíà àjùmọ̀ní sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n òmìnira ni ọlá rẹ̀: kò sí ẹni kan tí ó lè dìde lọ́la kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Èyí tí ó wúlò jù fún ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ ni LibreOffice. Writer wà nínú rẹ̀ fún lẹ́tà àti ìwé ìbéèrè ìdánwò, Calc fún ìṣirò owó àti máàkì, Impress fún àwòrán àfihàn nínú kíláàsì. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Mac àti lórí Linux. Ibi tí ó ti wúlò fún ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ oríṣiríṣi gan-an nìyí.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Marco Börries, ni ó bẹ̀rẹ̀ StarWriter ní ọdún 1985. Iṣẹ́ náà dàgbà di StarOffice. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2000, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ síta lábẹ́ orúkọ OpenOffice.org. Nígbà tí Oracle ra Sun ní 2010, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ náà bẹ̀rù ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n dá àjọ The Document Foundation sílẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ náà lọ lábẹ́ orúkọ LibreOffice. Ẹ kíyè sí i: onílé yí padà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò kú, nítorí pé ìwé-àṣẹ rẹ̀ ti sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn.

Àkọtọ́ fún fáìlì

Àwa ará Àkókó kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ èdè oríṣiríṣi. Ohùn Ìkàrẹ́ kì í ṣe ohùn Ọ̀kà. Èdè Arìgìdì yàtọ̀. Ùkáàn tí wọ́n ń sọ ní Àúga tún jẹ́ òmíràn. Síbẹ̀ a ń ná ọjà kan náà, nítorí pé Yorùbá gbogbogbòò wà láàrin wa. Kò sí ẹni tí ó ní kí ará Àúga gbàgbé èdè ìyá rẹ̀ kí ó tó ra iṣu.

Bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì ṣe yẹ kí ó rí. Kò pọn dandan kí gbogbo ẹ̀rọ jẹ́ Windows. Ohun tí ó pọn dandan ni èdè kan tí gbogbo wọn gbọ́. Fún ìwé kíkọ, èdè náà ni ìlànà ìfipamọ́ tí a ń pè ní OpenDocument. Fáìlì Writer rẹ̀ máa ń parí sí .odt, ti Calc sí .ods, ti Impress sí .odp. Àjọ ISO tí ó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo ayé fọwọ́ sí i ní 2006, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni ISO/IEC 26300. Ìlànà náà wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìmọ̀ lè kọ ètò tuntun tí yóò kà á, àní bí LibreOffice fúnra rẹ̀ bá parẹ́.

Àwọn baba wa ti ṣe irú rẹ̀ rí. Kí a tó fohùn ṣọ̀kan lórí àkọtọ́ Yorùbá, oníkálukú ń kọ ọ́ bí ó ti gbọ́ ọ. Ní ọdún 1875, ìjọ C.M.S. pe ìpàdé sí Èkó lórí àkọtọ́ náà, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé tí a tẹ̀ ní Èkó, olùkọ́ ní Àkókó lè fi kọ́ ọmọ. Àkọtọ́ kì í ṣe ohun-ìní ilé ìtẹ̀wé kankan, ìdí sì nìyẹn tí ìwé fi pẹ́ ju ilé tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Bí a ṣe ń tò ó

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kíkà. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ètò tí ó ń darí rẹ̀, ìwọ̀n agbára ìrántí rẹ̀, àti iṣẹ́ tí ẹni tí ó jókòó tì í ń ṣe. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 7 dúró ní oṣù kìíní 2020, ti Windows 10 sì parí ní oṣù kẹwàá 2025. Ẹ̀rọ tí kò bá lè gba Windows 11 kò tíì di pàǹtírí. Linux Mint lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ó ní agbára ìrántí 2 GB, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 GB ni ó tu ènìyàn lára, LibreOffice a sì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí LibreOffice kan náà wà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Fún Windows, fáìlì ìgbékalẹ̀ rẹ̀ lé ní 300 MB. Ẹ wà á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ojúlé The Document Foundation fúnra wọn, kí ẹ fi fláàṣì tí kò ní kòkòrò gbé e kiri. Owó dátà ẹ̀rọ kan ni yóò ná yín fún ogún ẹ̀rọ. Ìwé-àṣẹ rẹ̀ gbà yín láyè.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ibi ìpamọ́ kan. Ẹ yan kọ̀ǹpútà kan tí ara rẹ̀ le, tí ó sì ní bátìrì tí yóò gbé e ró nígbà tí iná bá lọ, kí ó jẹ́ àká gbogbo ọ́fíìsì. Ẹ so ó mọ́ ìyókù pẹ̀lú wáyà àti switch. Nẹ́tíwọ̀kì inú ilé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí Linux bá wà lórí rẹ̀, ètò àjùmọ̀ní mìíràn tí ń jẹ́ Samba ni yóò jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ Windows àti Mac rí àwọn fódà inú rẹ̀. Andrew Tridgell, ará Ọsirélíà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ pín fódà náà bí iṣẹ́ ti pín: ti bọ́sà fún bọ́sà àti ọ̀gá àgbà nìkan, ti èsì ìdánwò fún àwọn tí iṣẹ́ náà kàn, ti gbogbogbòò fún gbogbo olùkọ́. Kí oníkálukú ní orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá ti ṣí fáìlì máàkì JSS 2, tí òmíràn tún fẹ́ ṣí i, LibreOffice yóò sọ fún ẹni kejì pé ẹnìkan ti wà nínú rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó kà á láìkọ nǹkan kan sí i. Báyìí ni iṣẹ́ ẹnìkan kì yóò fi pa ti ẹnìkejì rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni òfin ìfipamọ́. Ohun tí a ṣì ń ṣiṣẹ́ lé lórí nínú ilé, kí ó wà ní OpenDocument. Lẹ́tà tí ó ń lọ síta, tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí padà, kí ó lọ gẹ́gẹ́ bí PDF. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni Writer fi ń ṣe é. Bí ilé-iṣẹ́ tí a ń kọ̀wé sí bá béèrè fún .docx tàbí .xlsx, LibreOffice lè fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ojúlówó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa ní .odt tàbí .ods.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tó. Kí èyí tí a ń lò wà lórí àká, kí ẹ̀dà kejì wà lórí díìsì tí a yọ kúrò lára ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ̀kẹta sì wà níbi tí ó jìnnà sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́ẹ̀kan nínú sáà, kí ẹnìkan gbìyànjú láti ṣí ẹ̀dà náà. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Àmì ohùn àti fọ́ǹtì

Olùkọ́ Yorùbá mọ ìnira yìí. Ó tẹ ìbéèrè ìdánwò pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, gbogbo ẹ àti ọ di àmì ìbéèrè tàbí àpótí ṣófo. Ìdí méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n gba ààyè lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan, tí wọ́n sì ya ẹ tàbí ṣ sí i. Níbi tí fọ́ǹtì náà kò bá sí, lẹ́tà àjèjì ni yóò hàn. Oògùn rẹ̀ ni Unicode, ìlànà tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní gbogbo ayé. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì òkè sì ní tirẹ̀. Ẹ́ jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì. Nítorí náà, ẹ lo fọ́ǹtì tí ó mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé orí lẹ́tà, bí Noto, DejaVu tàbí Charis SIL. Windows àti Linux ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú; ẹ tàn án nínú ètò kíbọ́ọ̀dù yín. Ní Writer, ẹ sọ fún un pé Yorùbá ni èdè ìwé náà, kí ó má baà máa fi ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yín bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì tí kò péye ni ẹ ń kọ.

Ìdí kejì kan ìwé Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Lẹ́tà tí a kọ pẹ̀lú Times New Roman tàbí Calibri lórí Windows lè yí ojú ìwé padà lórí Linux, nítorí pé fọ́ǹtì náà kò sí níbẹ̀. Liberation Serif gba ìwọ̀n àyè kan náà pẹ̀lú Times New Roman, Carlito sì gba ti Calibri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lórí gbogbo ẹ̀rọ, ìlà àti ojú ìwé yóò dúró síbi tí ẹ fi wọ́n sí.

Ohun tí kò rọrùn

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìyípadà yìí ní iṣẹ́ nínú. Bí bọ́sà bá ní fáìlì Excel tí ó kún fún àwọn àṣẹ aládàáṣiṣẹ́ tí a ń pè ní macro, Calc lè má ṣe gbogbo wọn bí ó ti yẹ. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀dà kí ẹ tó fi ojúlówó sílẹ̀. Bí àjọ kan bá ní kí a lo ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows nìkan, tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí Linux kò mọ̀, ẹ fi kọ̀ǹpútà Windows kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, kí ẹ sì ra ìwé-àṣẹ rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì tí ó gba oríṣiríṣi kò bínú sí Windows.

Ìlú Munich ní Jámánì kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ kan. Ní 2003, ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti kúrò lórí Windows. Nígbà tí ó fi di òpin 2013, kọ̀ǹpútà wọn tí ó lé ní 14,000 ti wà lórí Linux. Síbẹ̀, ní 2017, ìgbìmọ̀ mìíràn dìbò láti padà. Ìráhùn àwọn òṣìṣẹ́ àti àríyànjiyàn òṣèlú wà nínú rẹ̀. Àwọn Gendarmerie ti ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé OpenOffice.org sórí Windows tí wọ́n ń lò ní 2005, wọ́n jẹ́ kí ó mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lára, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ubuntu, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Linux, sórí ẹ̀rọ wọn ní 2008. Tiwọn dúró. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kan náà kéde pé àwọn yóò gbé LibreOffice sórí kọ̀ǹpútà ìjọba tí ó tó 30,000. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ yí ètò ìkọ̀wé padà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí sáà kan kọjá, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tí ó ń darí ẹ̀rọ.

Nàìjíríà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé kéde pé a ti gbé iṣẹ́ fún àwọn láti fi Linux sínú kọ̀ǹpútà kéékèèké Classmate 17,000 tí Intel ṣe, fún lílò ní ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí ọ̀gá wọn, François Bancilhon, fi kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, pé òun gbọ́ pé a ó sanwó Linux náà tán, a ó sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣojú àjọ ìjọba tí ń náwó sí iṣẹ́ náà sọ pé Linux ni àwọn yóò lò. Ohun tí ó yẹ kí a rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí ni pé bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá mọ ohun tí ó fẹ́, ẹlòmíràn ni yóò bá a yàn.

Ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò wa ń lo ètò tí a jí, tí ẹnìkan fi fláàṣì gbé wá, tí a sì fi àṣìrí kan já titì rẹ̀. A kì í ka èyí sí olè mọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí a rí tí ń sunkún. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní òfin kẹjọ ní ìsìn àárọ̀ kò lè fi ètò jíjí tẹ ìbéèrè ìdánwò Ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọ̀sán. Ọmọ ń wo ohun tí a ń ṣe. Ètò jíjí sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà ń gbà wọlé. Pẹ̀lú sọ́fítíwíà àjùmọ̀ní, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń dáko ní Ọ̀kà ní ohun èlò kan náà, lọ́nà òtítọ́, pẹ̀lú ọmọ ọlọ́rọ̀ ní Èkó. Òbí tí ó ní kọ̀ǹpútà nílé lè gbé LibreOffice sórí rẹ̀ lónìí, kí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ lè ṣí ní ilé-ẹ̀kọ́ bí ó ti ṣí nílé. Fún èyí tí ó ń lo fóònù, Collabora Office, tí a ṣe láti inú LibreOffice, lè ṣí fáìlì kan náà lórí Android.

Ẹ̀bùn tí ó kù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ ṣeun fún ẹ̀rọ. Ohun tí ọ́fíìsì nílò lẹ́yìn rẹ̀ ni ènìyàn. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tí kò sí ẹni tí yóò kọ́ akọ̀wé ní lílò rẹ̀ yóò kó eruku jọ. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Akùngbá nítòsí wa. Àwọn ọmọ wa tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ lè wá lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ìsinmi pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Sẹ́ẹ̀tì kan lè gba ìtọ́jú àká náà rò fún ọdún kan, kí òmíràn gbà á ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Kí àwọn ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́, àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, jọ jókòó lórí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní ìpàdé wọn tó ń bọ̀:

1. Èsì ìdánwò ọdún wo ni ó pẹ́ jù nínú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ṣé a ṣì lè ṣí i?
2. Mélòó nínú ètò tí a ń lò ni a ní ìwé-àṣẹ fún?
3. Bí ẹ̀rọ bọ́sà bá jóná lálẹ́ òní, kí ni yóò ṣẹ́kù láàárọ̀ ọ̀la?
4. Kí a tó gba ẹ̀bùn kọ̀ǹpútà mìíràn, ta ni yóò so ó mọ́ ìyókù, ta ni yóò sì kọ́ni ní lílò rẹ̀?

Ẹ má ṣe fi ìbéèrè kẹta falẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ yín ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà.